Tanwíjí ni ká pè é, kì í ṣe ìdin ẹ̀fọn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀kan lára wa ń túmọ̀ ìwé kan nípa ewé àti èso tí wọ́n fi ń pa ọmọ ẹ̀fọn nínú omi kó tó hu ìyẹ́, ó wá béèrè orúkọ tí a lè pe irú oògùn bẹ́ẹ̀. Èsì mẹ́ta ló ti wọlé: “apàdin-ẹ̀fọn”, “apakòkòrò ìbílẹ̀”, àti “oje ewé àdánidá”. Mo ti gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ wò, n kò sì lè fọwọ́ sí ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdin ná. Bí Yorùbá bá dárúkọ ìdin, ẹran tó ti rà tàbí egbò tó ti kẹ̀ ló ń wá síni lọ́kàn. Ọmọ ẹ̀fọn kò sí nínú ìyẹn. Omi ló ń gbé, omi tó mọ́ gaara pàápàá, ó sì ní orúkọ tirẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé: tanwíjí. Ẹ bi àwọn tó bá ayé wọlé-wọlé. Bí wọlé-wọlé bá yọjú nígbà náà, àmù ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Bó bá rí tanwíjí nínú omi, onílé wọ gbèsè ìtanràn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé ti fi owó mọ̀, kí ló dé tí a ó fi lọ yá ọ̀rọ̀ inú ẹran rírà dípò rẹ̀? Ẹnì kan sọ pé àwọn ọmọ ìwòyí kò mọ tanwíjí mọ́. Wọ́n mọ nǹkan náà o, wọ́n ń rí i bó ṣe ń jó lọ sókè sódò nínú dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé. Orúkọ ni wọn kò gbọ́, ìwé bí irú èyí ló sì yẹ kó sọ ọ́ fún wọn. Yàtọ̀ sí èyí, “apàdin” yóò máa dún bí àdín létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, nínú ìwé tí a ó ti tún dárúkọ oríṣiríṣi epo!

Apakòkòrò ní tirẹ̀ ti ru ẹrù tó pọ̀ jù. Èyí tí a ń fín sóko, èyí tí a ń dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, títí dé oògùn tí dókítà ń kọ fún aláìsàn, gbogbo rẹ̀ là ń pè bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo dábàá ni apatanwíjí, kí apẹ̀fọn sì dúró gẹ́gẹ́ bí ẹnìkejì rẹ̀. Èyí tí a ń fín sínú yàrá jẹ́ apẹ̀fọn. Èyí tí a dà sínú gọ́tà jẹ́ apatanwíjí. Àwọn kan ní apatanwíjí jọ orúkọ tí à ń pe ènìyàn nítorí iṣẹ́ rẹ̀, bíi ti apẹja. Apakòkòrò ńkọ́? Kò sẹ́ni tó rò pé ènìyàn ni.

Ìbéèrè kan tó jinlẹ̀ wà níbẹ̀ ṣá. Azadirachtin, èròjà tó wà nínú dóńgóyárò, kì í sábà pa tanwíjí lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni tanwíjí ń bọ́ awọ kó tó kúrò ní tanwíjí, èròjà yìí sì máa ń da omi ara tó ń darí awọ bíbọ́ náà rú, tí yóò fi há sínú awọ àtijọ́, tí yóò sì kú. Ṣé “pa” nìyẹn? Lójú tèmi, pa ni. Ikú tó pẹ́ kó tó dé kò yí orúkọ ohun tó fà á padà.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi wò ó ni “oje”. Oje ni ohun tó ń jáde bí a bá gún ewé tútù tí a sì fún un, bí a ti ń ṣe ewúro. Àwọn onímọ̀ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á sá ewé náà lábẹ́ ìbòòji, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ọtí líle, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì jẹ́ kí ọtí náà fẹ́ lọ títí ohun tó ṣẹ́ kù yóò fi ki bí oyin. Ewé gbígbẹ kò ní oje. Bí a bá wá kọ “oje dóńgóyárò”, ẹni tó kà á yóò gún ewé tútù, yóò sì lo ìwọ̀n mílígíráàmù tí wọ́n kọ fún ohun kíki yẹn. Ìwọ̀n náà kò ní bá ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mu, yóò sì ní irọ́ ni ìwé pa. Nítorí náà mo dábàá àrẹsẹ́ fún èyí tí a rẹ tí a sì sẹ́, àsèsẹ́ fún èyí tí a sè, kí oje jẹ́ ti èyí tí a fún, kí epo sì jẹ́ ti èyí tí ooru omi gbé jáde, irú èyí tí wọ́n ń rí lára efinrin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ ká pe ọ̀kankan ní àgbo. Ènìyàn ló ń mu àgbo.

“Ewé” nìkan kò sì tó. Kóró èso dóńgóyárò ló ní azadirachtin jù, kì í ṣe ewé rẹ̀; èèpo ọsàn náà sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń pa tanwíjí. Yorùbá ti ní tewé-tegbò fún irú àkópọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju àdánidá lọ, nítorí àdánidá ń mú kí ènìyàn rò pé kò lè pani lára. Wẹ́rẹ́ tí àwọn apẹja ń gún sínú odò, Ọlọ́run ló dá a, ó sì ń pa ẹja.

Bí mo ṣe máa lo orúkọ náà nínú gbólóhùn nìyí: “Wọ́n kó tanwíjí 25 sínú ife kọ̀ọ̀kan, wọ́n da apatanwíjí tewé-tegbò sí i, wọ́n sì ka iye tó kú lẹ́yìn wákàtí 24.” Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2005 ni iye tanwíjí inú ife àti wákàtí náà bá mu.

Ó ku ọ̀kan tí n kò rí orúkọ fún. Lẹ́yìn tanwíjí, kó tó di ẹ̀fọn, ó máa ń ká kò sí ojú omi, kì í jẹun rárá, nítorí náà májèlé tí ó yẹ kó gbé mì kì í ràn án. Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì, kí ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ yín?