Ìsọdọ̀tun kọ́ ni àtúnṣe

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá "ìsọdọ̀tun" fún gbogbo update tí a óò túmọ̀ nínú Debian (ètò Linux tí a fi ń darí kọ̀ǹpútà), ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn; "àtúnṣe" ni èmi ń pè é. Ẹ ní ó pẹ́ tí ẹ ti ń kọ́ni ní gírámà, a ò jẹ́ bá yín du ìyẹn. Sílébù kan ṣoṣo ni mo ń bá yín fà: tun inú ọ̀tun kọ́ ni tún inú àtúnṣe. Àwọn bàbá wa kì í pe ilé tí wọ́n tún òrùlé rẹ̀ ṣe ní ilé tuntun.

Ẹ wo curl, ètò tí a fi ń gba fáìlì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nínú Debian 12. 7.88.1 ló bá jáde ní 2023, 7.88.1 náà ló ṣì ń jẹ́. Bí àwọn Debian bá rí ibi tí olè lè gbà wọ inú rẹ̀, wọn kì í gbé ẹ̀dà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wá. Ìwọ̀nba kóòdù tó dí ibẹ̀ ni wọ́n á mú, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà tó tẹ̀lé deb12u nídìí rẹ̀ nìkan ni yóò gòkè. Kí ló wá dọ̀tun níbẹ̀? Ẹni tí ẹ bá sọ fún pé ó ti "dọ̀tun" yóò tún rí 7.88.1, yóò ní irọ́ ni, yóò lọ gba ẹ̀dà mìíràn fúnra rẹ̀, yóò kó o sí /usr/local, fódà tí olùlò ń kó ètò tirẹ̀ sí. Láti ìgbà náà, /usr/local/bin ni ẹ̀rọ yóò máa kọ́kọ́ wò, àtúnṣe tí apt (irinṣẹ́ tí Debian fi ń gbé ètò wọlé) bá gbé wá kò sì ní kan èyí tó ń lò mọ́. "Ìsọdọ̀tun" yẹ Firefox ESR, ètò tí a fi ń wo ìkànnì, ṣá, torí ẹ̀dà tuntun ni wọ́n ń gbé wọlé níbẹ̀; kóòdù rẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí a lè máa lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ.

Ti apt update ló tiẹ̀ ń bí mi nínú jù. Àṣẹ yẹn kò fọwọ́ kan ètò kankan! Àkójọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀dà ló ń lọ tún wò. Apt upgrade ló ń gbé àtúnṣe sórí ẹ̀rọ. Ẹ pè é ní ìsọdọ̀tun, ẹni tó bá ṣe é tán á lọ sùn, ihò ṣì wà ní ṣíṣí. "Àtúnwò" ni mo fi sílẹ̀ fún un.

Arch, Linux mìíràn tó máa ń gbé ẹ̀dà tuntun wọlé, ló ni ìsọdọ̀tun. Àṣẹ rẹ̀, pacman -Syu, ń tún àkójọ wò, ó sì ń gbé gbogbo ètò sí ẹ̀dà tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ṣe -Sy, tó ń tún àkójọ wò nìkan, tó wá fi ètò kan ṣoṣo kún un, ètò tuntun lè bá láíbìrì àtijọ́ (kóòdù tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò) pàdé, kó kọ̀ láti ṣí.

Ẹni tó sì pe stable, ẹ̀ka Debian tí kì í sáré yí ẹ̀dà padà, ní ògbólógbòó, kó rántí xz, ètò tó ń fún fáìlì pọ̀, ní oṣù kẹta 2024. 5.6.0 àti 5.6.1 ni májèlé wà nínú wọn. Wọ́n wọ testing àti unstable, àwọn ẹ̀ka tí Debian ti ń dán ètò wò, ṣùgbọ́n 5.4.1 ni stable ń lò nígbà náà, kò kàn án.

Ní ti "titun" àbí "tuntun" tí ẹ tún fà yọ, tuntun ni èmi ń kọ, mi ò ní yí i padà.