"Borrow" àbí "lend"?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú alẹ́ o. Níbi iṣẹ́ lónìí, mo sọ fún ọ̀gá wa pé "Please borrow me your charger." Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ti òun náà ni kí òun tún lọ yá ni? Ojú tì mí! Kí ni mo ṣì sọ?

Tíṣà Àgbà: Ẹ má jẹ́ kójú tì yín, mà. "Yá" tiwa ló fà á. "Mo yá owó lọ́wọ́ ẹ̀", "mo yá a lówó": ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ṣiṣẹ́ méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì ló pín in. Ẹni tó ń gbà ló ń "borrow", ẹni tó ń fúnni ló ń "lend". "Please lend me your charger" lẹ bá sọ. Tó bá ti kọjá, "lent" ni o, kì í ṣe "lended".

Àbúrò Yín: Tèmi tiẹ̀ burú jù. "I'm hearing a smell" ni mo sọ. Ṣebí a máa ń gbọ́ òórùn ni!

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé, Tíṣà. Ọ̀gá yìí kan náà ló "borrow" agbòjò mi, kò tíì dá a padà.