Báwo ni kí a ṣe so áńtẹ́nà orí òrùlé mọ́ ilẹ̀ nítorí àrá?

Olùbéèrè, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iná. A fẹ́ gbé áńtẹ́nà sórí páìpù irin tí yóò ga ju òrùlé wa lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹni tí yóò bá wa gbé e ní kí a kàn gbá irin kan wọlẹ̀ lẹ́yìn yàrá, kí a so wáyà mọ́ ọn, ó parí. Aládùúgbò wa ní tirẹ̀ sọ pé wáyà náà gan-an ni yóò máa pe àrá wá sílé. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Oníṣẹ́ iná, Abẹ́òkúta:
Ẹ kú àbójútó ilé. Wáyà kì í pe àrá. Páìpù tó ga ju òrùlé lọ ti wà lójú àrá, yálà ẹ so wáyà mọ́ ọn tàbí ẹ ò so ó. Iṣẹ́ wáyà náà ni láti fún agbára iná tí afẹ́fẹ́ àti àwọsánmà òjò ń kó sára irin ní ọ̀nà tí yóò gbà wọlẹ̀ láìgba inú tẹlifíṣàn kọjá. Wáyà bàbà tí ìnípọn rẹ̀ tó 16 mm², ó kéré tán, ni IEC 60728-11, ìlànà àgbáyé lórí ààbò irú iṣẹ́ áńtẹ́nà bẹ́ẹ̀, béèrè fún. Ẹ gbé e gba ìta ilé lọ tààrà, ẹ má ká a jọ. Ẹ sì ha ọ̀dà kúrò níbi tí kílámpù yóò ti di páìpù mú, nítorí wáyà tí a so lé ọ̀dà lórí kò so mọ́ nǹkan kan.

Ẹni kẹta:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n irin ẹ̀yìn yàrá yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ó yẹ kí ilé yín ti ní earth tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, ìyẹn irin tí a gbá wọlẹ̀ tí a so wáyà iná ilé mọ́. Bí ẹ kò bá so irin méjèèjì pọ̀, nígbà tí àrá bá sán sílẹ̀ nítòsí, agbára iná ara ọ̀kan lè ju ti èkejì lọ fíìfíì, okùn áńtẹ́nà, tẹlifíṣàn àti wáyà inú ògiri ni yóò sì gbà kọjá láti ọ̀kan sí èkejì. Ẹ fi wáyà bàbà so wọ́n pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin iná tí wọ́n ń pè ní NEC sọ ọ́ di dandan, wáyà bàbà náà kò sì gbọdọ̀ tínrín ju 6 AWG lọ, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 13 mm² (AWG ni òṣùwọ̀n ìnípọn wáyà tiwọn). Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná kọ́kọ́ yẹ earth ẹ̀gbẹ́ mítà wò o. Nínú àwọn ilé wa mìíràn, wáyà ibẹ̀ ti já tipẹ́, tàbí kí olè ti gé e tà.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Bí a bá ṣe gbogbo èyí, ṣé a lè máa wo tẹlifíṣàn nígbà tí àrá bá ń sán?

Oníṣẹ́ iná, Abẹ́òkúta:
Rárá o. Bí àrá bá sán lu áńtẹ́nà gan-an, wáyà yìí nìkan kò lè gba tẹlifíṣàn là. Kí òjò tó dé ni kí ẹ ti yọ ọ́ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì yọ okùn áńtẹ́nà lẹ́yìn rẹ̀. Tí àrá bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Kí páìpù náà sì jìnnà sí wáyà NEPA ju gígùn rẹ̀ lọ, kó má baà wó lé e.