Ìwé-àṣẹ olùkọ́ mi ti di ti Texas: àbọ̀ ìbéèrè mi

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo bi yín bóyá ìwé-àṣẹ olùkọ́ tí mo gbà ní Georgia á ṣiṣẹ́ ní Texas. Ó ti yanjú o!

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n má gbójú lé àdéhùn NASDTEC nìkan, ìyẹn àdéhùn tí àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà jọ ṣe lórí ìwé-àṣẹ olùkọ́ ara wọn, òótọ́ lẹ sọ. Àdéhùn yẹn kàn ṣílẹ̀kùn ni. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ohun tó kù kéèyàn ṣe. TEA, àjọ ètò ẹ̀kọ́ Texas, yẹ ìwé-àṣẹ mi àti èsì yunifásítì mi wò, mo sì tẹ̀ka. Ìwé-àṣẹ ọlọ́dún kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ lọ. Ìdánwò tí mo ti ṣe ní Georgia ló jẹ́ kí wọ́n yọ mí nínú ìdánwò tiwọn. Ìyẹn gan-an ló dùn mọ́ mi jù.

Ẹni tó bá gboyè ní Nàìjíríà, ẹ tètè gbé ìwé yín fún àwọn tí TEA fọwọ́ sí láti ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ìwé-àṣẹ tí ẹ kọ́kọ́ gbà ní ìpínlẹ̀ mìíràn kú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ ṣé gan-an. Mo pa ìbéèrè yìí dé.