Ọjọ́ ìsinmi wa ní Freetown: ibo lẹsẹ̀ àgbà lè dé?

Màmá Míṣọ́n:
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin ará. Ìjọ wa ló rán èmi àti Bàbá wá sí Freetown, nílẹ̀ Sàró, lẹ́yìn tí àwa méjèèjì ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ rélùwéè ni Bàbá ṣe ní Ìbàdàn, èmi jẹ́ tíṣà. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń yọ mí lẹ́nu. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọwọ́ wa máa ń dí: à ń bẹ àwọn aláìsàn wò, à ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Bíbélì.

Ọjọ́ Mọ́ńdè tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi wa ni ọ̀rọ̀ wà. A ó fọṣọ, a ó ra ẹja, tí oòrùn bá rọlẹ̀ a ó rìn díẹ̀ létí òkun ní Lumley, ó tán. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wo àwọn òkè yìí, tí ilé tò sára wọn títí dókè, tí òkun wà nísàlẹ̀. Ọkàn mi ń fà sí ìlú náà gan-an. Ṣùgbọ́n Bàbá ní a ò wá ṣe fàájì, pé owó tí àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ kì í ṣe owó ìgbafẹ́. Mi ò fẹ́ bá a jiyàn. Èrò tèmi ni pé ẹni tí a rán sí ìlú kan, tí kò mọ ìlú náà, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn ará ibẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ibẹ̀ rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì:
Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Mo gbé Freetown nígbà tí ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Cline Town ni kí ẹ kọ́kọ́ mú Bàbá lọ. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe, àti kọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣe lọ́jọ̀ sílẹ̀ de Ọbabìnrin Elizabeth nígbà tó wá ní 1961. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè yóò rí ọ̀rọ̀ bá wọn sọ níbẹ̀.

Ní àdúgbò yẹn kan náà ni ilé àtijọ́ Fourah Bay College wà. Iná jó o ní 1999, ògiri òkúta rẹ̀ nìkan ló dúró. Ẹ má wọlé o, ìta ni kí ẹ ti wò ó.

Alàgbà tó ti fẹ̀yìn tì:
Ẹ jẹ́ kí n gbe Ìyá Ìbejì lẹ́sẹ̀. Àwọn CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn sílẹ̀ ní 1827, Àjàyí Crowther ti Òṣogùn sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní 1822, Freetown ni wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí, Bathurst lórí òkè ló sì gbé. Ní 1825 ló ṣèrìbọmi. Láti Freetown yìí kan náà ni míṣọ́nnárì Townsend ti wá sí Abẹ́òkúta ní 1843, nítorí pé àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n dá sílẹ̀ ti ń padà sílé.

Màmá, ohun tí ẹ máa sọ fún Bàbá nìyẹn. Ìhìn rere tó dé ọ̀dọ̀ àwọn baba wa, ìlú tí ẹ wà yẹn ló gbà kọjá. Ẹ gba tákísì lọ sí Regent àti Bathurst ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Atẹ́gùn tútù wà lókè yẹn, ẹ óò sì rí ìlú àti òkun láti òkè wá sísàlẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun ọ̀kadà lórí òkè wọ̀nyẹn. Poda-poda, ìyẹn dánfó tiwọn, náà máa ń há èèyàn mọ́ra, kò dára fún orúnkún. Ẹ háyà tákísì fún ìdajì ọjọ́, kí ẹ sì dá owó kí ẹ tó wọlé. Láti 2022 tí wọ́n ti yọ òdo mẹ́ta kúrò lára owó wọn, àwọn kan ṣì ń pe iye ti àtijọ́. Ẹ béèrè dáadáa. Ní Júláì àti Ọ́gọ́ọ̀sì, òjò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹ jókòó sílé.

Ẹ má bá ẹnikẹ́ni lọ sí Bunce Island, erékùṣù tí wọ́n ti ń kó ẹrú láyé àtijọ́. Ìrìn ojú omi náà jìn, àfi kí orúnkún yín lágbára.

Bùọ̀dá Káyọ̀dé:
Mo fara mọ́ Bàbá níbì kan: àwọn tó ń fowó ránṣẹ́ ń wo fọ́tò. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sórí Facebook. Ṣùgbọ́n àárín ìlú kò náni púpọ̀. Ibi tí igi àràbà ńlá tí wọ́n ń pè ní Cotton Tree wà kí ìjì tó wó o ní oṣù Karùn-ún 2023, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kàtídírà St George's náà kò jìnnà. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga bíi ti orí òkè. Big Market ni kí ẹ ti ra aṣọ gara, aláró bí àdìrẹ wa.

Ìyá Ìbejì:
Mo fẹ́ fi kún un: àwọn Akú ṣì wà ní Fourah Bay àti Foulah Town, Yorùbá ni baba ńlá wọn, mùsùlùmí sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ lọ kí wọn gẹ́gẹ́ bí ẹbí. Ẹ fi ìwé ìwàásù sílé lọ́jọ́ yẹn. Ní ti Tacugama, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìnàkí, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ àlejò ní 2025 nítorí igbó tí àwọn èèyàn ń gé. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó jáde.

Màmá Míṣọ́n:
Olúwa á san gbogbo yín lẹ́san. Mo ka ọ̀rọ̀ Alàgbà sí Bàbá létí, ó ní kí n tún un kà. Kọ́ọ̀ṣì Ọbabìnrin náà ló kù tó ń béèrè báyìí, ó fẹ́ mọ bí ojú irin wọn ṣe fẹ̀ tó! Ìyá Ìbejì, ṣé wọ́n máa ń ṣí ní Mọ́ńdè? Ṣé àga wà níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ìjọ lọ béèrè ọjọ́ àti wákàtí fún yín. Ẹ gbé àga kékeré dání, Màmá, nítorí Bàbá kò ní tètè fẹ́ kúrò níbẹ̀.