Bẹntiróòlù àbí dísẹ́ẹ̀lì: èwo ni kí n rà láti máa fa ilé ìdáná orí táyà l'Ékòó?

Alásè_Yábàá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Wẹ́dà ń bá mi kan ilé ìdáná kan lọ́wọ́, èyí tó jókòó lé táyà mẹ́rin, tí a ó máa so mọ́ ìdí ọkọ̀. Yábàá ni yóò máa ti gbéra lọ sí Lẹ́kkí àti Ẹ̀pẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, yóò sì máa dé Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Wẹ́dà ní kò ní ju 1,100 kg lọ.

Hilux tòkunbọ̀ méjì ni wọ́n fi hàn mí, jíà máńúà ni méjèèjì. Ọ̀kan ń jẹ bẹntiróòlù, 2.7 lítà. Ìkejì ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì, 3.0 lítà D-4D, òun ló wọ́n jù. Gbogbo ohun tí mo kà láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni pé ẹni tó bá fẹ́ fa ẹrù, dísẹ́ẹ̀lì ni kó rà. Àwọn mẹkáníìkì àdúgbò wa sì ní kí n sá fún un nítorí nọ́sùlù, ìyẹn ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ẹ tún bá mi dá àbúrò mi lóhùn. Ó fẹ́ sọ bọ́ọ̀sì HiAce di ọkọ̀ tí èèyàn mẹ́ta lè sùn sí, fún àwọn tó ń ya fíìmù. Ìbéèrè kan náà ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Ládípọ̀

Ẹ kú ìmúra, màámi. Kí a tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí ọkọ̀ yóò fà, torí 1,100 kg tí wẹ́dà dárúkọ yẹn, òfìfo lásán ni. Táǹkì omi 300 lítà, tó bá kún, 300 kg ni. Sílíńdà gáàsì 12.5 kg méjì, tòun ti irin wọn, á sún mọ́ 55 kg. Jẹnẹrétọ̀ 5 kVA á tó 85 sí 90. Ẹ wá ka fíríísà, sítóòfù ńlá, ìkòkò, àga, àpò ìrẹsì àti ohun mímu mọ́ ọn. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹ ti bá 1,700 kg pàdé. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ní ìwọ̀n tí odindi ọkọ̀ ń gùn lé. Ẹ di ẹrù sínú rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ òde gan-an, kí ẹ gbé e lọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ agbára ló kàn. Ẹ́ńjìnnì 2.7 bẹntiróòlù yẹn, 2TR-FE ni wọ́n ń pè é. Agbára ìfà rẹ̀ tó nǹkan bí 241 Nm, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tó bá ń yí nǹkan bí 3,800 láàrin ìṣẹ́jú kan kó tó yọ ọ́ tán. D-4D 3.0 yẹn, 1KD-FTV, ń yọ 343 Nm, láti 1,400 ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Tọ́bò ló ń ki afẹ́fẹ́ bọ̀ ọ́ nínú, ìfúnpọ̀ inú sílíńdà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti bẹntiróòlù.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń fà lójú títì. Ẹ ti gun ẹsẹ̀ afárá Third Mainland láti Adékúnlé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dí ọ̀nà, ẹ ń dúró, ẹ ń gbéra. Dísẹ́ẹ̀lì á gbé ẹrù náà kúrò nílẹ̀ láìké. Ti bẹntiróòlù, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ epo mọ́ ọn kó ké, kí ẹ fi kílọ́ọ̀ṣì há a láàárín kó má bàa kú, kó má sì yí padà sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń jìyà níbẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ni. Òórùn jíjóná ni ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́. Tó bá yá, ẹ óò rí i pé ẹ́ńjìnnì ń ké sókè ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò yára sí i. Kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán nìyẹn.

Ti epo jíjẹ, pẹ̀lú 1,700 kg lẹ́yìn, bẹntiróòlù á máa jẹ nǹkan bí lítà 17 sí 19 ní 100 km, dísẹ́ẹ̀lì á wà láàárín 11 sí 13. Ẹ fi 18 àti 12 ṣírò. Àlọ àti àbọ̀ Ìbàdàn tó nǹkan bí 250 km: lítà 45 fún bẹntiróòlù, lítà 30 fún dísẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ pinnu, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta lítà dísẹ́ẹ̀lì, ẹ fi iye lítà bẹntiróòlù pín in. Bí ohun tó jáde kò bá tó 1.5, dísẹ́ẹ̀lì ló ń bá yín tọ́jú owó. Bó bá kọjá 1.5, bẹntiróòlù ló dín owó kù, láìka gbogbo jíjẹ rẹ̀ sí.

Ní tèmi, ẹrù tó bá ti kọjá 1,500 kg, tó sì ń dé Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, dísẹ́ẹ̀lì ni.

Mótò_Ṣómólú

Ẹ̀gbọ́n, mo fara mọ́ ìṣírò yín, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ àìsàn 1KD fún màámi, ohun tí àwọn mẹkáníìkì sì ń bẹ̀rù nìyẹn.

Abẹ́ nọ́sùlù kọ̀ọ̀kan ní wáṣà kọ́pà kan tó ń dí iná inú sílíńdà mọ́. Tí wáṣà yìí bá gbó, èéfín iná á máa gba ibẹ̀ jò sókè, á lọ bá ọ́ìlì. Ọ́ìlì á ki bí ọ̀dà, èédú á sì máa lọ jókòó sórí asẹ́ kékeré tí ọ́ìlì ń gbà gòkè láti inú àwo ìdí ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ tí asẹ́ yẹn bá dí, ọ́ìlì kò ní dé òkè mọ́, irin á máa jẹ irin. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kí iná ọ́ìlì tó tàn níwájú awakọ̀, ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́. Nítorí náà, màámi, ẹ má sanwó kí wọ́n tó tú àwo yẹn, kí ẹ fi ojú ara yín rí asẹ́ náà. Ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn ketekete. Bí nǹkan dúdú tó le bá ti bo ìdajì rẹ̀, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Ẹ dé ibẹ̀ ní kùtùkùtù, láìjẹ́ kí wọ́n mọ wákàtí tí ẹ ń bọ̀. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ti tan án dè yín, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Bó bá tutù, ẹ tan án kí ẹ tẹ́tí sí i. Èyí tó ń lù kọ́-kọ́-kọ́ fún ìṣẹ́jú méjì kó tó dákẹ́, nọ́sùlù rẹ̀ tàbí wáṣà rẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe. Ẹ wá ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ kì í ṣe nǹkan. Èéfín tó ń tú pù-pù jáde bí ìkòkò tó ń hó, ẹ yàgò fún un.

Ìkejì ni dísẹ́ẹ̀lì tí à ń rà. Pọ́ǹpù ńlá tó ń ti epo lọ sí nọ́sùlù kò ní ọ́ìlì tirẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń yọ̀ fún un. Tí omi bá wà nínú rẹ̀, tàbí tí wọ́n fi kẹrosíìnì lú u, irin inú pọ́ǹpù á máa ha ara wọn, ìhà náà á sì bá epo lọ sínú nọ́sùlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tí ojú rẹ̀ mọ́, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi á rọ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹ óò rí ìlà tó pín wọn. Kẹrosíìnì kì í yà sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi dáa kí ẹ di oníbàárà ilé epo kan ṣoṣo tí ẹ fọkàn tán.

Lóṣooṣù, ẹ máa yọ omi inú fílítà. Ẹ gbé ike sábẹ́ rẹ̀, ẹ tú nọ́ọ̀bù ìdí rẹ̀ ní ìyípo méjì, ẹ fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù orí rẹ̀ títí omi á fi tán, tí dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ á fi máa wá. Ẹ dì í padà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, òun ló sì ń dá ẹ̀mí nọ́sùlù sí.

1KD ń gba ọ́ìlì tó tó lítà 7, 2.7 ń gba lítà 5 àbọ̀ àti díẹ̀. 1KD ní bẹ́líìtì táímínì tí ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ kó tó já, láàárín 100,000 sí 150,000 km. Bẹ ò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ti tòkunbọ̀ gbẹ̀yìn, ẹ kà á sí pé ó ti tó. Ṣéènì ni 2.7 ń lò dípò bẹ́líìtì.

Ní ti àwọn ará Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ilé tiwọn lè wúwo ju tọ́ọ̀nù 10 lọ. Èyí tó ń jẹ bẹntiróòlù nínú wọn, V8 7.3 lítà ti Ford ni wọ́n ń fi sí i báyìí. Ti dísẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńjìnnì Cummins ńlá ló sábà máa ń wà ní ìdí rẹ̀. Òkè gíga ni wọ́n sì ń gùn. Bí ọkọ̀ bá ti ń gòkè, afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò á máa pàdánù nǹkan bí 3% agbára rẹ̀ ní gbogbo 300 mítà. Létí òkun ni Èkó wà. Bẹntiróòlù kì í pàdánù nǹkan kan níbí. Wọ́n tún máa ń yin dísẹ́ẹ̀lì pé ó ń di ọkọ̀ mú nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n bíréèkì tí wọ́n fi sí ọ̀nà èéfín àwọn ọkọ̀ ńlá wọn ló ń ṣe ìyẹn. Hilux kò ní i. Láìsí i, bẹntiróòlù gan-an ló ń di ọkọ̀ mú ju dísẹ́ẹ̀lì lọ tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo.

Màámi, bí ẹ bá lè rìn láìpọn omi sínú táǹkì, kí ẹ pọn ọ́n níbi tí ẹ ń lọ, 300 kg ti kúrò nìyẹn. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìn Hilux. Bí ìwọ̀n bá wá dín sí 1,400, bẹntiróòlù á ṣe é, ẹ óò sì sùn dáadáa.

Akọ́lé_Orí_Ọkọ̀

Ẹ bá mi sọ fún àbúrò pé bọ́ọ̀sì àwọn ayafíìmù kì í rìn púpọ̀. Ó lè dúró lójú kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Èrè tí dísẹ́ẹ̀lì ń mú wá, orí ìrìn ló wà, nítorí náà HiAce 2.7 bẹntiróòlù tó fún un. Bó bá sì jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì ló wù ú, kó má ra èyí tuntun láti Yúróòpù tó ní asẹ́ èéfín tí wọ́n ń pè ní DPF. Asẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bí 600°C kó tó jó èérí ara rẹ̀ dànù. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojúẹlẹ́gba kò lè mú un dé ibẹ̀ láéláé. Epo tí sọ́fúrì rẹ̀ kò ju 10 ppm (mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù kan) lọ ni wọ́n ń lò ní Yúróòpù, òun ni wọ́n sì ṣe é fún.

Èyí tó ká mi lára jù ni ibi tí wọ́n ń sùn. Kò gbọdọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ sínú bọ́ọ̀sì tàbí sábẹ́ fèrèsé rẹ̀, ìbáà jẹ́ bẹntiróòlù tàbí dísẹ́ẹ̀lì. Èéfín tó ń pani yẹn kò ní òórùn. Kó gbé e jìnnà tó mítà 6 ó kéré tán, kó kọ ẹnu èéfín rẹ̀ sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, kó sì ra aago tó ń ké bí èéfín aláìlóòórùn yẹn (carbon monoxide) bá wọlé, kó kọ́ ọ síbi tí orí wọn wà. Bó bá lè ra bátìrì àti sólà fún fáànù àti iná, kó pa jẹnẹrétọ̀ lóru pátápátá.

Alásè_Yábàá

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo gbé e lọ sórí ìwọ̀n bí Ẹ̀gbọ́n ṣe wí: 1,640 kg, láìsí omi, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn Hilux kò ní gba jẹnẹrétọ̀, torí àga àti tábìlì ni yóò wà níbẹ̀. Ó jọ pé dísẹ́ẹ̀lì ni, bí asẹ́ rẹ̀ bá mọ́. Àmọ́ wẹ́dà fẹ́ mọ bí ẹrù á ṣe tẹ ìdí ọkọ̀ tó, ó sì fẹ́ fi bíréèkì sílẹ̀ kí owó lè dín kù.

Ẹ̀gbọ́n_Ládípọ̀

Kó má fi bíréèkì sílẹ̀ o! Ní Yúróòpù, ohun àfàlẹ́yìn tó bá ti kọjá 750 kg gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀, tiyín sì ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Láìsí i, ọjọ́ tí dánfó bá já wọ iwájú yín, ilé ìdáná ni yóò máa ti Hilux lọ.

Ẹnu ìsomọ́ ilé ìdáná gbọ́dọ̀ tẹ ìdí ọkọ̀ ní 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo, 164 sí 246 kg, kó má sì kọjá iye tí wọ́n kọ sára tóbáà, ìyẹn irin ìdí ọkọ̀ tí a ń so ó mọ́. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ilé ìdáná á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún tí ẹ bá ti kọjá 80 km ní wákàtí kan. Ìwọ̀n inú ilé kò lè gba 200 kg, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà. Ẹ wá pákó tó nípọn. Ẹ gbé orí rẹ̀ kan lé ìwọ̀n, orí kejì lé bíríkì tó ga bákan náà, kí àárín méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3. Ẹ wá sọ ẹnu ìsomọ́ kalẹ̀ sórí pákó náà, ní ẹsẹ̀ bàtà 1 sí bíríkì, 2 sí ìwọ̀n. Ohun tí ìwọ̀n bá kà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ fẹ́ kó kà láàárín 55 sí 82. Bó bá dín, ẹ gbé fíríísà síwájú. Bó bá pọ̀ jù, ẹ tì í sẹ́yìn díẹ̀ ju àárín táyà lọ. Orí ilẹ̀ títẹ́ ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ sì fi òkúta há táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kí wẹ́dà má sì ra bọ́ọ̀lù tóbáà láìwo ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀. Ti Yúróòpù jẹ́ 50 mm, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 2 íǹṣì, èyí tó jẹ́ 50.8 mm. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ 50 mm, tí ẹnu ìsomọ́ sì jẹ́ ti 2 íǹṣì, ó lè fò yọ ní kòtò àkọ́kọ́. Kó ra méjèèjì pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, kó sì so ṣéènì ààbò méjì ní àgbélébùú sábẹ́ ẹnu ìsomọ́, tó fi jẹ́ pé bó bá yọ, orí ṣéènì ni yóò balẹ̀ sí, kò ní kan ọ̀dà.