Ẹ má fi òtítọ́ sọ dọ́kúmẹ́ńtárì lórúkọ

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará ilé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ọ̀kan nínú wa, tó máa ń kọ èrò rẹ̀ lórí fíìmù tó bá wò, ló béèrè pé kí ni ká máa pe dọ́kúmẹ́ńtárì, fíìmù tó ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ hàn, ní Yorùbá, kí sì ni ká máa pe fíìmù tí àwọn èèyàn ń tiraka ṣe fúnra wọn láìsí ilé iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn wọn. Ìdáhùn mẹ́ta ló ti wá sórí ìbéèrè àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ni ní Yorùbá ní ká pè é ní “fíìmù òtítọ́”. Ẹnì kan ní “fíìmù àkọsílẹ̀” ló dáa. Àbúrò wa tó wà ní London ní ká má yọ ara wa lẹ́nu, pé bí sinimá, tíátà àti fíìmù ṣe wọlé tí a ò lé wọn jáde, kí dọ́kúmẹ́ńtárì náà wọlé kó jókòó.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ “fíìmù òtítọ́” rárá. Fíìmù tí mo wò ni n ó fi ṣàlàyé.

Dahomey ni fíìmù náà ń jẹ́, Mati Diop ló ṣe é, òun ló sì gba Golden Bear, ẹ̀bùn tó ga jù lọ, níbi àjọ̀dún fíìmù ìlú Berlin lọ́dún 2024. Ohun tó dá lé kò le: ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ìjọba Faransé dá ẹrù ààfin 26 padà fún orílẹ̀-èdè Benin. Ara ohun tí àwọn ọmọ ogun Faransé tí Ọ̀gágun Dodds kó sódì kó ní Abomey, olú ìlú ìjọba Dahomey àtijọ́, lọ́dún 1892 ni. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù náà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Quai Branly ní Paris. Àwọn òṣìṣẹ́ ń rìn jẹ́jẹ́ yí ère igi náà ká bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun, wọ́n gbé e sínú àpótí, kámẹ́rà sì wà nínú àpótí náà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n dé ọmọrí àpótí, ojú fíìmù ṣókùnkùn biribiri, kò sí ohun tí à ń gbọ́ mọ́ ju ìró ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dè é pa. Inú òkùnkùn yẹn ni ohùn kan ti dìde, ohùn tó nípọn tó dà bíi pé ó ju ẹnì kan lọ, ó ń sọ èdè Fọ̀n. Ère Ọba Ghezo ti Dahomey ni, ọkùnrin tí ara rẹ̀ dà bíi ti ẹyẹ. Ó ń ráhùn pé nọ́ńbà 26 ni wọ́n sọ òun di.

Ó dáa, ẹ̀gbọ́n, ṣé òtítọ́ nìyẹn? Ère kì í sọ̀rọ̀. Òǹkọ̀wé ọmọ Haiti kan, Makenzy Orcel, ló bá a kọ ọ̀rọ̀ tó sọ. Bí mo bá sọ fún ìyá mi pé kó wá wo “fíìmù òtítọ́”, tí igi sì lanu tó ń fọhùn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí màmá máa bi mí ni pé èwo ni òtítọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń bá fíìmù yìí jiyàn pé dọ́kúmẹ́ńtárì ni. Ẹrù náà lọ lóòótọ́, ọkọ̀ òfurufú gbé e lóòótọ́, èrò jáde sí ojú títì Cotonou lóòótọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi sí gan-an ni pé àwọn baba wa ti yanjú ẹ̀ tipẹ́. Nínú ẹsẹ Ifá, ìrókò a máa dífá, odò a máa rúbọ, ìgbín a máa bá babaláwo jiyàn, a ò sì pè é ní àlọ́. Ìtàn là ń pè é. Ẹni tó fẹ́ pàlọ́ á kọ́kọ́ ké “Ààlọ́ o!”, àwọn ọmọdé á dáhùn pé “Ààlọ̀!”, gbogbo ilé á ti mọ̀ pé eré ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ pìtàn kì í ké irú igbe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ohun tó ń sọ ti gba orí ìwọ̀n kọjá, bí ó ṣe dúró níwájú wa ló yàtọ̀: ó ń jẹ́rìí, kò ṣeré. Ẹlẹ́rìí lè gbójú fo nǹkan, ó lè gbè sẹ́yìn ẹnì kan, ó ṣì jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Gbígbè sẹ́yìn ẹnì kan yẹn náà wà nínú Dahomey o. Ọmọ Ẹ̀gbá tó bá jókòó tì í yóò rántí pé Ghezo tí ère rẹ̀ ń ké yìí ló kógun ja Abẹ́òkúta lọ́dún 1851, tí Glele tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ sì tún gbé ogun wá lọ́dún 1864. Àwọn ará Kétu, tí ogun Dahomey kan náà, ní tiwọn láti sọ. Mo bá ère náà kẹ́dùn tán, mo sì tún rántí ìwọ̀nyẹn. Fíìmù náà dára, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lẹ “òtítọ́” mọ́ ọn lórí bíi pé kò sí ẹlòmíràn tó ní ẹjọ́ láti rò.

Ẹ tún wo ìdajì rẹ̀ kejì. Àwọn ọmọ Yunifásítì Abomey-Calavi ń jiyàn lórí ẹrù náà: ẹnì kan ní ẹrù 26 péré nínú 7,000, àbùkù ni, ẹlòmíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣòro. Èdè Faransé ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń jiyàn, ìyẹn gan-an ti tó ọ̀rọ̀. Ìjiyàn yẹn gbóná, òun ló dùn jù nínú fíìmù náà lójú tèmi. Ṣùgbọ́n Diop ló pè wọ́n jọ. Ká ní kò sí fíìmù, àpérò yẹn ò ní wáyé. Ṣé a ó wá yọ ibẹ̀ kúrò nínú “òtítọ́” ni?

Ohun tí mo ń fà yọ nìyí: orúkọ tó bá fẹ́ pẹ́ lẹ́nu wa, iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ló máa ń sọ, kì í ṣèlérí. Asọ̀rọ̀mágbèsì: ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì, ọ̀rọ̀ parí. Amóhùnmáwòrán: ó ń mú ohùn, ó ń mú àwòrán. Nígbà tí fíìmù kúrò ní gbọ̀ngàn tó bọ́ sínú fídíò, tí èèyàn ò ní láti jáde nílé kó tó wo eré, “àgbéléwò” ló jáde lẹ́nu àwọn èèyàn: a gbélé, a wò ó. Kò sí nínú orúkọ yẹn pé eré náà dáa tàbí kò dáa. (Bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti rí àgbéléwò tó yẹ kí wọ́n máa pè ní àgbéléfisílẹ̀.) Orúkọ tí wọ́n fi òtítọ́ sọ, ìlérí ni, ọjọ́ tí fíìmù kan bá já a ni orúkọ ti bàjẹ́.

“Àkọsílẹ̀” ń kọ́? Ọ̀rọ̀ ìwé ni. Àkọsílẹ̀ ìpàdé, àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wò tí wọ́n fi rí i, wọn ò wo fíìmù. Mi ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ láti sọ.

Ti àbúrò wa ní London, mi ò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà, àwa la ni sinimá báyìí. Ṣùgbọ́n sinimá wọlé nítorí pé ìyá oníṣòwò sanwó, ó wọ gbọ̀ngàn lọ wo Ògúndé, ó sì padà délé sọ ọ́ fún aládùúgbò. Dọ́kúmẹ́ńtárì ò tíì jókòó sẹ́nu irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu àwa tí a ka ìwé ló wà. Bó bá dọ̀la tí ó bá wọlé fúnra rẹ̀, ta ló máa lé e? Títí dìgbà náà, àyè ṣì wà láti gbìyànjú tiwa.

Ohun tí mo gbé wá ni “fíìmù ìṣojú”. Gbogbo wa la ń sọ ọ́ pé “ó ṣojú mi kòró”, a sì ń sọ pé “níṣojú gbogbo ayé”. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílé, mi ò dá a sílẹ̀, mo kàn gbé iṣẹ́ tuntun fún un ni. Fíìmù ìṣojú ni fíìmù tí ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níṣojú kámẹ́rà, tí ẹni tí à ń wò ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Wọ́n di ère sínú àpótí níṣojú kámẹ́rà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jiyàn níṣojú kámẹ́rà, yálà wọ́n pè wọ́n jọ tàbí wọn ò pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ ohùn inú òkùnkùn ni a ó bi ẹni tó ṣe fíìmù, orúkọ náà ò purọ́ fún wa nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi fíìmù mìíràn dán an wò. Alain Kassanda, ọmọ tí wọ́n bí ní Kinshasa tó gbé Ìbàdàn, ṣe Coconut Head Generation, ó sì gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́ ní Cinéma du Réel ní Paris lọ́dún 2023. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ló wà níbẹ̀: ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wọn á kóra jọ sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, wọn á wo fíìmù, lẹ́yìn náà wọn á máa bára wọn fà á. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, ọ̀rọ̀ ìjọba, títí ó fi dé ìwọ́de EndSARS ọdún 2020. Olóríkunkun, “coconut head”, ni àwọn àgbà ń pè wọ́n, wọ́n sì gba orúkọ náà wọ̀ bí ẹ̀wù. Kámẹ́rà a máa dúró pẹ́ lójú ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà ń ta á lára tí kò tíì rí àyè fèsì. Ibẹ̀ ni mo ti gbádùn rẹ̀ jù. Wákàtí kan àbọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, kò sì sú mi. Gbogbo rẹ̀, ó ṣojú ẹni tó yà á.

Ẹ wá gbé Eyimofe kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ìbejì, Arie àti Chuko Esiri, ló ṣe é, ó jáde ní Berlin lọ́dún 2020, orí téépù fíìmù àtijọ́ oní-16mm ni wọ́n yà á sí, kì í ṣe kámẹ́rà dígítà. Wáyà iná tó lọ́ mọ́ra wọn nínú àpótí fíúsì ló fi bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí gbogbo wa ti rí lára ògiri rí tí a rọra yẹ̀ fún. Mofe, oníṣẹ́ iná tó fẹ́ lọ sí Sípéènì, pàdánù arábìnrin rẹ̀ àti àwọn ọmọ obìnrin náà sí èéfín jẹnẹrétọ̀ lóru, lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn nítorí ìwé. Ta ló máa ní kò sí òtítọ́ níbẹ̀? Òtítọ́ ibẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ dọ́kúmẹ́ńtárì tí iléeṣẹ́ kan sanwó fún kí wọ́n fi yìn ín. Ṣùgbọ́n eré ni. Jude Akuwudike ló ń ṣe Mofe, ó sì padà sí orúkọ ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n parí. Bí a bá fi òtítọ́ pín àwọn fíìmù yìí, Eyimofe á bọ́ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìṣojú àti eré pín wọn láìjà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní “aṣojú” ti wà, aṣojú-ṣòfin àti irú wọn, pé èèyàn lè ṣì í mú. Nítorí náà ni mo ṣe ní ìṣojú, mi ò ní aṣojú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má pe ẹni tó ṣe fíìmù náà ní aṣojú. Ayafíìmù-ìṣojú ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ kó kún lẹ́nu lè pe fíìmù náà ní “ìṣojúmikòró”. Ó gùn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn “mi” tó wà nínú rẹ̀: ó ń rán wa létí pé ojú ẹnì kan pàtó ni a yá lò.

Ó ku fíìmù tí kò ní ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni mi ò ti ní púpọ̀. “Fíìmù olómìnira” ń mú ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá wá sí mi lọ́kàn, àsíá àti àwọn ológun tó ń yan. “Fíìmù aládàáni” dára létí, àmọ́ fíìmù wo ló wà ní Nollywood tí kì í ṣe ti aládàáni? “Àdáṣe” tí ẹnì kan dá lábàá ti ní òwe tirẹ̀ tó ń dúró dè é, àdáṣe ní í hunni, kò sì bá ohun tí à ń sọ mu: ìbejì ló ṣe Eyimofe, èèyàn mẹ́ta, C.J. Obasi, Abba Makama àti Michael Omonua, ló jọ ṣe fíìmù Juju Stories, ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ìtàn kan. Ẹnì kan ní “aláìlọ́gàá”. Ẹ̀rín pa mí. Ẹ lọ bi mẹkáníìkì tí wọ́n bá pè bẹ́ẹ̀ bóyá ìyìn ni.

Lójú tèmi, ẹni tó ní àṣẹ láti ní kí wọ́n gé ibì kan kúrò ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Bí Obasi bá fẹ́ ya fíìmù rẹ̀ Mami Wata ní dúdú àti funfun látòkè délẹ̀ lọ́dún 2023, ta ni yóò sọ fún un pé àwọ̀ ló ń tà? Ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ tó mú ìyẹn dání, tí kò gùn ju sílébù márùn-ún lọ, kó jọ̀wọ́ gbé e wá.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bá mi dá sí. Nínú fíìmù ìṣojú, wọ́n máa ń ní kí òṣèré tún ìṣẹ̀lẹ̀ tó ti kọjá ṣe, nígbà tí kò bá sí àwòrán ìgbà náà. Ibi bẹ́ẹ̀ kò ṣojú ẹnikẹ́ni, kò sì jẹ́ eré pátápátá. Mo ń rò ó pé ká pè é ní “àṣefihàn”, àmọ́ etí mi ò tíì gbà á.